Ara Ta Ni Wọ́n Ń Gbé Kalẹ̀? Àríyànjiyàn Lórí Ère, Ìbòjú àti Fọ́tò, Láti Kétu dé Àjàṣẹ́

Ẹni tó bá ti gba etí òkun Kútọ̀nù kọjá láti ìparí oṣù July 2022 kò lè ní òun ò rí obìnrin náà. Ó ga tó mítà 30. Irin ni wọ́n fi ṣe egungun rẹ̀, idẹ ni wọ́n fi bò ó lára, ọmọ ilẹ̀ Ṣáínà kan tó ń jẹ́ Li Xiangqun ló sì ṣe é. Ìjọba ní Agojie ni, ìyẹn àwọn obìnrin jagunjagun Dàhòmì tí àwọn Òyìnbó sọ ní Amasóònù. Àwọn ọ̀dọ́ ń tò síbẹ̀ ya fọ́tò, àlejò ń ti òkèèrè wá wò ó, ó sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ojú orílẹ̀-èdè Benin lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ẹ wá gbé ọ̀rọ̀ náà dé Kétu, kí ẹ gbọ́ ohùn mìíràn. Ní 1886 ni ọmọ ogun Glèlè, ọba Dàhòmì, wọ Kétu, lẹ́yìn tí wọ́n ti dó ti ìlú náà títí ebi fi wọlé. Wọ́n dáná sún un, wọ́n kó àwọn tó ṣẹ́kù lẹ́rú lọ sí Àgbómẹ̀, olú ìlú Dàhòmì. Àwọn obìnrin jagunjagun yẹn wà nínú ogun náà. Ìgbà tí Faransé ṣẹ́gun Àgbómẹ̀ ni àwọn tí wọ́n kó lọ tó rí ọ̀nà padà wá tún ilé kọ́. Nítorí náà, bí ọmọ Kétu bá gbójú sókè wo obìnrin mítà 30 yẹn, ìyá tirẹ̀ kọ́ ló ń wò. Ìyá tirẹ̀ ni ẹni tí wọ́n so lókùn.

Èmi ò ní kí wọ́n wó ère. Ó ti dúró, kó dúró. Ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí a rí ohun kan tó ń lọ lọ́wọ́ ní ilẹ̀ wa: ọ̀rọ̀ bí a ṣe ń fi ara ènìyàn hàn, ta ló ń fi í hàn, ta ni wọ́n sì ń fi í hàn fún. Ó ti kúrò ní ọ̀rọ̀ àwọn oníṣẹ́ ọnà nìkan. Ó ti di ọ̀rọ̀ ìjọba, ti àwọn olórò, ti ẹnikẹ́ni tó bá ní fóònù lọ́wọ́.

Bó ṣe gbóná dé ibi tó dé yìí ò pẹ́. Ní ọjọ́ 10 oṣù November 2021, Faransé dá ohun ìṣẹ̀ǹbáyé 26 padà, èyí tí àwọn ọmọ ogun Dodds, ọ̀gágun Faransé, kó ní ààfin Àgbómẹ̀ ní 1892. Nígbà tí wọ́n pàtẹ wọn ní Kútọ̀nù ní oṣù February 2022, èrò ya lu ibẹ̀. Mẹ́ta nínú wọn jẹ́ ère igi ńlá: Gẹ́zò tó ní ìyẹ́ ẹyẹ, Glèlè tó ní orí kìnnìún, Bẹ̀háńzìn tó di ẹja ekurá láti orí dé ìbàdí. Agbẹ́gi ọba Dàhòmì mọ bí ojú ọba ṣe rí dáadáa, àmọ́ kò gbẹ́ ojú náà. Agbára ọba ló gbẹ́, ó wá fún agbára náà ní apá àti ẹsẹ̀. Iṣẹ́ àwọn oníṣẹ́ ọnà òde òní 34 ló wà nínú àtẹ kan náà pẹ̀lú wọn, kí ojú lè ti ti àná bọ́ sí ti òní láìjáde nílé. Lẹ́yìn ìyẹn, ní 2024, Benin ní àgọ́ tirẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ níbi àfihàn ọnà àgbáyé ní Venice, Gẹ̀lẹ̀dẹ́ sì wà lára ohun tí wọ́n fi ṣe àkòrí rẹ̀. Ní oṣù August ọdún kan náà, wọ́n ṣe àjọ̀dún àwọn eégún àti ìbòjú ní Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá ti Vodun náà ń gòkè bọ̀ ní Àjàṣẹ́ níhìn-ín.

Ká tó wọ ilé ara wa, ó yẹ ká mọ ìjà tí àwọn ará Yúróòpù ti ń bá ara wọn jà, torí àwọn ọ̀rọ̀ ìjà yẹn ni wọ́n fi ń ka iṣẹ́ tiwa. Láti ayé àwọn Gíríìkì ni bíbọ́ aṣọ kúrò lára ti jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọnà lọ́dọ̀ wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fẹ́ mọ̀ ọ́n yà, ẹni tó wà níhòòhò ni wọ́n á gbé síwájú rẹ̀. Ní 1956, Kenneth Clark, onímọ̀ ìtàn ọnà, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pín in sí méjì: ó ní ẹni tí aṣọ bọ́ lára rẹ̀ lójijì, tójú ń tì, yàtọ̀ sí ìhòòhò tí ọnà ti tún ṣe, tí kò lójútì nínú. Ní 1972, John Berger, òǹkọ̀wé lórí ọnà, dá a lóhùn: ó ní ìhòòhò inú àwòrán yẹn pàápàá, nítorí ẹni tó ń wò ó ni, ọkùnrin tó lówó láti ra àwòrán ni wọ́n sì fi obìnrin náà sílẹ̀ fún. Laura Mulvey gbé ọ̀rọ̀ kan náà wọ inú sinimá ní 1975. Nígbà tó di 1989, àwọn obìnrin kan ní New York tí wọ́n ń pe ara wọn ní Guerrilla Girls ka ohun tó wà ní ẹ̀ka ọnà òde òní nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó tóbi jù níbẹ̀. Wọ́n ní obìnrin kò tó ìdá 5 nínú 100 láàárín àwọn oníṣẹ́ ọnà, ṣùgbọ́n ìdá 85 nínú ìhòòhò ara ògiri jẹ́ ti obìnrin. Iye yẹn ò nílò àlàyé.

Ojú kan náà ni wọ́n gbé wá wo àwa, àmọ́ ó le jù bẹ́ẹ̀ lọ fún wa, torí wọn ò tiẹ̀ ka tiwa sí ọnà. Sara Baartman, ọmọ Gúúsù Áfíríkà, ni wọ́n gbé káàkiri Lọ́ńdọ̀nù àti Párísì kí èrò lè sanwó wo ìdí rẹ̀. Ó kú ní 1815, wọ́n la òkú rẹ̀, wọ́n gbé egungun rẹ̀ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Párísì, 2002 ni wọ́n tó jẹ́ kó wọ ilẹ̀ nílé. Ní 1893, níbi àfihàn àgbáyé ní Chicago, wọ́n kọ́ abúlé kan tí wọ́n pè ní ti Dàhòmì, wọ́n kó ènìyàn sínú rẹ̀ fún ìran wíwò. Nígbà tí ọ̀rúndún ogún bẹ̀rẹ̀, Edmond Fortier, tó fi Dàkár ṣe ibùjókòó, gbé kámẹ́rà dé Dàhòmì, káàdì ìkíni tó jáde lára irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rìn dé Yúróòpù: ọmọbìnrin tí kò wọ̀wù, tí wọ́n kọ ẹ̀yà rẹ̀ sábẹ́ fọ́tò, tí wọn ò kọ orúkọ rẹ̀. Àní àwọn òkè Ṣábẹ̀, tí àwọn ará ibẹ̀ ń bọ, tí wọ́n sì ń sá gùn nígbà ogun, ọmú ni Faransé rí nínú wọn. Mamelles de Savè ni wọ́n kọ sínú ìwé, ó sì wà níbẹ̀ di òní. Ojú tó bá ti ń wá ọmú, á rí i lára àpáta.

Ẹ jẹ́ ká wá lọ sí Kétu, níbi tí ìtàn ní Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti ṣẹ̀, ká dúró síbi tí wọ́n ti ń múra fún ẹni tó fẹ́ jó. Ọkùnrin ni. Wọ́n á kọ́kọ́ fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n tẹ̀ ká, tàbí aṣọ tí wọ́n ká ṣùùrù, yí ìbàdí rẹ̀ po títí ìdí á fi yọ bọ̀ǹbọ̀ sẹ́yìn. Wọ́n á gbé ọmú igi kọ́ ọ láyà, ìgbà mìíràn ikùn igi bíi ti aboyún oṣù mẹ́sàn-án á tẹ̀lé e, tí ojú rẹ̀ sì ń dán. Lẹ́yìn náà ni gèlè tó kàn, gèlè lórí gèlè, ọ̀já lórí ìró, pupa lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọ̀ ewé, aṣọ tí wọ́n yá lọ́wọ́ ìyàwó, lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n, lọ́wọ́ ìyá. Ṣaworo irin lọ sí ọrùn ẹsẹ̀ méjèèjì, èyí wúwo débi pé ẹsẹ̀ tí kò bá mọ ìlù, híhá ni yóò há. Irùkẹ̀rẹ̀ lọ sí ọwọ́. Òógùn ti ń dà lára ọ̀gbẹ́ni kí wọ́n tó gbé orí igi wá. Orí igi yẹn kì í bo ojú o. Ó ń jókòó lé àtàrí bíi fìlà, aṣọ fẹ́lẹ́ ló bo ojú, inú rẹ̀ ni oníjó ti ń ríran.

Kò sí ẹni tí wọ́n ń tàn. Ọmọdé ibẹ̀ pàápàá mọ ọmọ ẹni tó wà nínú aṣọ, wọ́n sì ń fi orúkọ pè é pé ó káre. Wọ́n mọ̀ pé ọkùnrin ni, wọ́n sì gbà pé ìyá ló ń jó. Torí àwọn ìyá wa ni gbogbo rẹ̀, àwọn tó ni ayé, tí inú wọn gbọ́dọ̀ tutù kí ọmọ tó lè dúró, kí òjò tó lè rọ̀. Ojú igi náà ò bínú, kò rẹ́rìn-ín, ó tutù, ìpéǹpéjú rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀. Ìjàngbọ̀n ayé wà lórí rẹ̀: ọ̀kadà, ọkọ̀ òfuurufú, ejò tó ń gbé ẹyẹ mì, ọlọ́pàá tó ń gba rìbá. Àwọn àgbà ní ojú tó bá ti rí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti rí òpin ìran. UNESCO ṣẹ̀ṣẹ̀ wá gbà pẹ̀lú wọn ní 2001, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé ogún àgbáyé ní 2008, fún Benin, Nàìjíríà àti Tógò pa pọ̀.

Ohun tí mo ń tọ́ka sí nìyí: níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ Párísì ti ń bọ́ aṣọ láti rí ara, ará Kétu ń wọ aṣọ láti ṣe ara. Ara tó wúni lórí nínú Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ohun tí wọ́n dì mọ́ni ni, ohun tí a gbé wọ̀, tí a ó sì bọ́ sílẹ̀ nígbà tí ìlù bá dákẹ́. Aṣọ là ń kí, kí a tó kí ènìyàn, àwọn baba wa ò sọ ọ́ láti fi pọ́n ọlọ́rọ̀ nìkan.

Èyí tún hàn nínú ère gbígbẹ́. Ara ènìyàn tó dàgbà, orí rẹ̀ ò ju bí ìdá kan nínú méje gíga rẹ̀ lọ. Ẹ wọn ère Yorùbá, orí á kó ìdá kan nínú mẹ́rin, nígbà mìíràn ìdá kan nínú mẹ́ta. Ìgbà kan wà tí Òyìnbó ń fi èyí bú wa pé a ò mọ̀ ọ́n wọ̀n. Àmọ́ àwọn oníṣẹ́ idẹ Ifẹ̀ ti ṣe orí idẹ tó jọ ènìyàn bí ẹni pé á sọ̀rọ̀, kí Yúróòpù tó mọ ọ̀nà Gínì. Ẹni tó bá gbẹ́ orí tóbi, ó mọ ohun tó ń ṣe: orí ló ń gbé ẹni, orí ni Àjàlá ń mọ lọ́tọ̀ lẹ́yìn tí Ọbàtálá bá ti mọ ara tán. Ní ọdún 1960 sí 1970, Robert Farris Thompson, ọmọ Amẹ́ríkà, rìn láàárín àwọn agbẹ́gi àti àwọn tó mọ ère wò, ní Nàìjíríà àti níhìn-ín nígbà tó ṣì ń jẹ́ Dàhòmì, ó ń bi wọ́n léèrè ohun tó ń mú ère dára. Wọ́n ní kó gún, kó dán, kó jọ ènìyàn, àmọ́ kó má jọ jù. Ère tó bá jọ ẹnì kan jù ti di ọ̀rọ̀ ẹni yẹn nìkan. Ìbejì tí ọmọ rẹ̀ kú ní oṣù mẹ́ta, wọ́n á gbẹ́ ẹ tòun ti ilà ojú, tòun ti ọmú àgbàlagbà, torí ara tó yẹ kó ní ni wọ́n gbẹ́ fún un. Dominique Zinkpè, ọmọ Kútọ̀nù, ti mú irú ère ìbejì kéékèèké bẹ́ẹ̀, ó ń to wọ́n lọ́gọ́rọ̀ọ̀rún mọ́ ara wọn títí wọ́n á fi di ènìyàn ńlá kan. Bí ẹ bá sún mọ́ iṣẹ́ náà, èrò ni ẹ ó rí. Bí ẹ bá sún sẹ́yìn, ẹnì kan.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyèrónkẹ́ Oyěwùmí da omi tútù sí ọ̀rọ̀ yìí lára ní 1997. Ó ní Ìwọ̀-oòrùn ayé ló fi ara ṣe òṣùwọ̀n gbogbo nǹkan, pé wọ́n á kọ́kọ́ wo ara ènìyàn kí wọ́n tó mọ ipò rẹ̀. Pé láàárín Yorùbá kí Òyìnbó tó dé, ọjọ́ orí àti ìgbà tí ènìyàn wọ agboolé ló ń pààlà, ọkùnrin tàbí obìnrin kọ́. Ẹ̀gbọ́n ni ẹ̀gbọ́n, ìbáà jẹ́ akọ tàbí abo. Ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ló ti bá a jiyàn, èmi náà ní tèmi: bí ara kò bá já mọ́ nǹkan kan, kí ni ọmú igi ń ṣe láyà ọkùnrin Kétu? Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń rò ó sí i ni mò ń rí i pé ó tọ́ ju bí mo ṣe rò lọ. Ọmú tí wọ́n ń gbé kọ́ni láyà, tí wọ́n sì ń bọ́ fún ẹlòmíràn lọ́dún tó ń bọ̀, ó ti sún mọ́ ìlẹ̀kẹ̀ oyè ju ẹran ara lọ.

Láti ibẹ̀ ni mo ṣe ń wo iṣẹ́ Romuald Hazoumè, oníṣẹ́ ọnà. Àjàṣẹ́ ni wọ́n ti bí i ní 1962, sí ẹbí Yorùbá, ibẹ̀ náà ló ti ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá ń gba ọ̀nà Ìgòlò tàbí ti Sèmè mọ àwọn ọlọ́kadà tó ń ru epo Nàìjíríà wọlé, tí a ń pè ní kpayó: bídọ̀n lẹ́yìn, bídọ̀n lẹ́gbẹ̀ẹ́, bídọ̀n láàárín ẹsẹ̀, ènìyàn ò hàn mọ́. Wọ́n tún máa ń yọ́ bídọ̀n náà lórí iná kó lè wú, kí epo tó ń gbà lè pọ̀ sí i. Bó bá ti fẹ́lẹ́ tán, ìtànṣán iná kan ti tó. Nígbà tí kò bá wúlò mọ́, wọ́n á jù ú sí ẹ̀gbẹ́ títì. Èyí tí wọ́n jù nù ni Hazoumè ń ṣà.

Ẹ mú bídọ̀n kan, ẹ gé ìdí rẹ̀ kúrò, ẹ dojú rẹ̀ kọ ara yín. Ibi tí ọwọ́ ń dì mú ti di imú. Ẹnu tí epo ń gbà jáde ti di ẹnu ènìyàn, ó là sílẹ̀ roboto bíi ti ẹni tó ń pe ọmọ rẹ̀ lókèèrè. Ó kù kí Hazoumè fi wáyà tàbí búrọ́ọ̀ṣì dirun fún un, ẹ ó sì mọ ẹni náà: ìyá ọlọ́jà ni, tàbí sójà, tàbí àǹtí kan tó ń ṣe fáàrí. Ó jọ, kò jọ jù. Àwọn Òyìnbó ń pè é ní ọnà láti inú ìdọ̀tí, orúkọ yẹn ò sì dùn mọ́ mi rárá, torí ojú ìdọ̀tí ló ń wò, kò wo ọwọ́ tó ru ú.

Iṣẹ́ rẹ̀ tí ayé mọ̀ jù ni La Bouche du Roi, tó ṣe láàárín 1997 àti 2005. Orúkọ ibì kan létí òkun Benin ni, ọ̀kan lára ibi tí wọ́n ti ń kó ẹrú sọ́kọ̀. Bídọ̀n 304 ló tò sílẹ̀ẹ́lẹ̀, orí sí orí, bí wọ́n ṣe to ènìyàn sínú àwòrán ọkọ̀ ẹrú Brookes tí àwọn tó ń gbógun ti òwò ẹrú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀ jáde ní ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún. Ẹ rántí àwòrán yẹn: àwọn ènìyàn kéékèèké dúdú, gbogbo wọn rí bákan náà, bí ẹni to igi sínú àká. Ó ran àwọn tó fẹ́ fòpin sí òwò náà lọ́wọ́, àmọ́ kò fún ẹnì kankan nínú àwọn tó wà nínú rẹ̀ ní ojú. Hazoumè fún wọn ní ojú. Bídọ̀n kọ̀ọ̀kan ló yàtọ̀, ohùn ń jáde láti àárín wọn, òórùn tábà àti ti èérí ọkọ̀ wà nínú yàrá, fíìmù àwọn oníkpayó sì ń lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé British Museum rà á ní 2007, ọdún tó pé 200 ọdún tí Gẹ̀ẹ́sì ṣòfin lòdì sí òwò ẹrú. Ní ọdún yẹn kan náà ló gba ẹ̀bùn Arnold Bode ní Kassel, ní Jámánì, fún iṣẹ́ mìíràn.

Ara ènìyàn kankan ò sí nínú iṣẹ́ náà. Kò sí awọ, kò sí apá. Síbẹ̀ n kò mọ iṣẹ́ kan lórí òwò ẹrú tó jẹ́ kí ara ènìyàn wúwo tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá sì rò pé àná nìkan ló ń sọ, kó rántí ọjọ́ 23 oṣù September 2023 ní Sèmè, nígbà tí ibi ìpamọ́ kpayó gbiná, tí ènìyàn tó lé ní 30 jóná kú. Bídọ̀n ló wà lọ́wọ́ wọn.

Calixte Dakpogan náà ń ṣiṣẹ́ ní Àjàṣẹ́, láti ìdílé àwọn alágbẹ̀dẹ ọba ìlú náà. Ajẹ́kù ọkọ̀, síbí, òòyà, díìsìkì ló fi ń ṣe ojú. Mo dárúkọ rẹ̀ kí a má baà rò pé Hazoumè nìkan ló wà.

Ibi tí èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi kì í ti í fohùn ṣọ̀kan ni fọ́tò Léonce Raphaël Agbodjelou. Ọmọ Àjàṣẹ́ ni, wọ́n bí i ní 1965, fọ́tò yíyà ni bàbá rẹ̀ náà ṣe ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, ọ̀pọ̀ ilé àgbà ní ìlú wa ló sì ní àwòrán Joseph Moïse Agbodjelou lára ògiri. Ní 2012, ọmọ ya àwọn ọmọbìnrin kan nínú ilé Àgùdà àtijọ́ ti ẹbí rẹ̀, ògiri tó ti ń ré, ilẹ̀kùn onígi gíga. Àyà wọn wà ní gbangba, ìbòjú igi wà lójú wọn. Ó sọ ọ́ ní Demoiselles de Porto-Novo. Ẹni tó mọ̀ ti mọ̀: Picasso, ayàwòrán ọmọ Sípéènì, ló ya Les Demoiselles d'Avignon, àwọn obìnrin Avignon, ní 1907, lẹ́yìn tó ti lọ wo ìbòjú Áfíríkà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Trocadéro ní Párísì, ó sì gbé irú ojú bẹ́ẹ̀ lé ọrùn obìnrin funfun. Agbodjelou gbé e padà wá sílé.

Àwọn kan ní ẹ̀san dáadáa ni. Ìbòjú yẹn, wọ́n ní, ti dí ojú ẹni tó fẹ́ wò ó gẹ́gẹ́ bíi káàdì ayé Fortier. Òun ló ń wò yín, ẹ ò rí i. Àwọn mìíràn ní ọmú ni ọmú ń jẹ́, pé ẹni tó ń rà á ní Lọ́ńdọ̀nù kò ra ìbòjú nìkan. Èmi wà láàárín, ẹsẹ̀ mi sì tẹ̀ sí ọ̀dọ̀ àwọn kejì díẹ̀. Ohun tó ń yọ mí lẹ́nu ni pé nínú àṣà wa, obìnrin kọ́ ló ń wọ ìbòjú yẹn, àti pé nígbà tí ìbòjú bá jáde, ara ni wọ́n máa ń bò. Ó yí méjèèjì padà lẹ́ẹ̀kan náà. Bóyá ìgboyà ni, bóyá ọjà ni. Fọ́tò rẹ̀ tó ya àwọn Egúngún ní tiwọn, tí aṣọ wọn ń dán lójú oòrùn, kò sí ẹni tó ń bá mi jiyàn lórí ìyẹn.

Torí Egúngún ni ibi tí ọ̀rọ̀ ara yìí le jù. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ gbà kí a mọ oníjó. Egúngún ò gbà. Ìka ẹsẹ̀ kan kò gbọ́dọ̀ yọ. Ará ọ̀run ni, ará ọ̀run kò sì ní ara tí a lè fọwọ́ kàn. Àwọn Ègùn tí a jọ ń gbé ní Àjàṣẹ́ tún gbé e kọjá bẹ́ẹ̀. Zángbétò wọn, àwọn tó ń ṣọ́ ìlú lóru, ó dà bí òkìtì ìko tó ń yí gbirigbiri. Nígbà tó bá dé àárín agbo, wọ́n á dojú rẹ̀ délẹ̀ kí gbogbo ayé rí inú rẹ̀ pé kò sí ènìyàn níbẹ̀. Irú iṣẹ́ ọnà wo ló tún fi ara hàn nípa fífi àìsí rẹ̀ hàn báyìí?

Ìṣòro ọ̀hún ni fóònù. Ní agbo àjọ̀dún, ènìyàn mẹ́wàá ló ń gbé fóònù sókè fún gbogbo eégún kan, àwọn kan á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti ya abẹ́ aṣọ, wọ́n á dá a dúró lórí kọ̀ǹpútà, wọ́n á fi ọfà pupa tọ́ka sí bàtà. Òfin wà: ìwé òfin lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí Benin ṣe ní 2018 dáàbò bo àwòrán ènìyàn àti ọ̀rọ̀ nípa ẹni. Ṣùgbọ́n ará ọ̀run ò ní káàdì ìdánimọ̀, ta ni yóò gbé ẹjọ́ lọ? Ohun tí àwọn ọlọ́jẹ̀ ń sọ ni pé ìjọba tó pè wọ́n síta fún àwọn arìnrìn-àjò ló yẹ kó pààlà ibi tí kámẹ́rà ń dé. Mo rò pé wọ́n jàre.

Ẹ̀rọ náà kì í sì í ṣe ojú lásán. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, obìnrin funfun ni àwọn ilé fọ́tò fi ń ṣe òṣùwọ̀n àwọ̀ fíìmù, ìdí nìyẹn tí ọmọ dúdú fi máa ń di eyín àti ojú nìkan nínú fọ́tò ilé ẹ̀kọ́ ayé àtijọ́. Ní 2018, Joy Buolamwini àti Timnit Gebru, àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà, dán ẹ̀rọ tó ń fi ojú mọ akọ yàtọ̀ sí abo wò: àṣìṣe rẹ̀ lórí ọkùnrin funfun ò pé ìdá 1 nínú 100, lórí obìnrin dúdú ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 35.

Ó ku ọ̀rọ̀ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Ère irin Gu, Ògún tiwa, tí Akati Ekplékendo rọ fún ọba Glèlè láti inú àjákù irin Òyìnbó, ti ń gbé Párísì láti 1894, ó sì wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Louvre di òní. Kò sí lára 26 tó padà, Patrice Talon, tó jẹ́ ààrẹ Benin ní 2021 tí wọ́n dá wọn padà, sì sọ ọ́ ní gbangba pé ó dun òun. Bó bá dé lọ́jọ́ kan, ibi tí wọn ó gbé e sí ò ṣòro: ère ni, ó lè dúró fúnra rẹ̀.

Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ló ṣòro. Ẹ lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé èyíkéyìí ní Yúróòpù, ẹ lọ sí ti Adandé níhìn-ín ní Àjàṣẹ́, orí igi ni ẹ máa rí jù. Orí ló ń tò lórí pẹpẹ, orí náà ni àwọn tó ń rajà ń rà. Ìdí tí wọ́n dì, gèlè, ṣaworo, òógùn, èyí tí gbogbo ará Kétu mọ̀ pé ó jẹ́ ara Gẹ̀lẹ̀dẹ́ gan-an, ilé ni ó wà. Àwọn tó ń kọ́ ilé Vodun ní láti pinnu bóyá wọn ó tún to orí sórí pẹpẹ, tàbí wọn ó múra fún ère kan láti òkè délẹ̀ kí ó dúró sínú gíláàsì. Bí wọ́n bá yan èkejì, kí wọ́n yáa fi owó aṣọ sínú ìnáwó, torí gèlè tí wọ́n ń lò ní Kétu, yíyá ni wọ́n yá a, àwọn ìyàwó tó ni ín sì máa ń wá gba aṣọ wọn kí ilẹ̀ tó ṣú.